Fìlà Tí Mo Fọwọ́ Rán fún Bàálé Mi
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ogún ọdún ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní ọdọọdún ni akọ̀wé máa ń ka orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò tíì san sí wọn létí, pé kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wọn ní ìrọ̀rùn. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ fìlà ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, owó máa yọjú síbẹ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ akọ̀wé ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo àwa obìnrin tí a jókòó síbí, ta ló mọ iye ínǹṣì tí orí ọkọ rẹ̀ jẹ́? Mi ò ní kí ẹ sọ bóyá orí ńlá ni tàbí orí kékeré o, ìyẹn àárín ẹ̀yin méjèèjì ni. Iye ínǹṣì ni mò ń bèèrè. Ẹ ò rí i pé gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín. A lè fojú wo àpò ẹ̀wà ká sọ iye kóńgò tó wà nínú ẹ̀. A mọ iye ìgò tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì epo kan. Ṣùgbọ́n orí tí a ti ń bá sùn láti bí ọgbọ̀n ọdún, a ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí di ọdún 2023.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà ni mò ń tà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, mo yá ₦400,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí láti fi kún owó ọjà mi. Gẹ́gẹ́ bí òfin wa, ọmọ ẹgbẹ́ kan dúró fún mi, bàálé mi náà sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ rí i, a máa ń ṣe bí ẹni pé ìfọwọ́sí yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. A máa ń gbé fọ́ọ̀mù lọ bá wọn nígbà tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, a ní, “Ẹ bá mi sáìn síbí,” wọn á nu ọwọ́ ọbẹ̀, wọn á sáìn. Ẹni tó bá sáìn yẹn ti sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, òun á sanwó.

Ọ̀rọ̀ sì dàrú. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀wà wa bọ̀ láti òkè Ọya dojúdé lójú ọ̀nà, kí ó tó dé Jẹ́bbà. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ sí ẹrù náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn kó o. Nígbà tí àpò mi dé, tí mo tú okùn ẹnu rẹ̀, ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀wà ti hù nínú àpò! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló wá bá mi kẹ́dùn. Mi ò gbàgbé.

Ẹgbẹ́ kò dárí gbèsè náà jì mí, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí owó gbogbo wa ni. Wọ́n fún mi láàyè síi láti san án. Bàálé mi, kápẹ́ńtà ni, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, òun ló ṣe bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé yìí. Ó ń fún mi ní díẹ̀díẹ̀, ₦5,000 lónìí, ₦10,000 lọ́la. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó kó ₦120,000 fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní oníbàárà kan ló san owó ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ san án.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1994 la ṣe ìgbéyàwó. Ìsẹ́yìn ni ìyá mi ti lọ fún wọn ní òfì wa hun, torí ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé tí ẹ bá ń wá ahunṣọ òfì, Ìsẹ́yìn ni ẹsẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé ni lọ. Àwọ̀ sányán la mú. Kí n má parọ́, kì í ṣe sányán gidi. Sányán gidi, òwú tí wọ́n ń rí lára ilé kòkòrò kan nínú igbó ni wọ́n fi ń hun ún, ó sì ti di ohun àwárí. Tiwa, òwú lásán tí wọ́n rẹ sí àwọ̀ sányán ni. Ṣùgbọ́n ó dára lójú. Agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà gọ̀bì fún ọkọ. Ìró, bùbá, gèlé àti ìpèlé fún èmi. Inú àpótí kan náà la máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú káńfọ̀, a sì máa ń kó o jáde sá bí ọ̀yẹ́ bá dé.

Ní ọdún 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo ṣí àpótí. Tèmi wà níbẹ̀. Ti bàálé mi kò sí. Mo bi í, ó ní àbúrò òun ló yá a lò, kò tíì dá a padà. Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo rí ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́jà, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n dá aṣọ wa padà o. Ọmọ náà wò mí sùn-ùn. Ó ní, “Ìyá mi, òfì wo? Ẹnikẹ́ni ò fún wa ní òfì.”

Mo padà sí ìsọ̀. Mo yọ káàdì ẹgbẹ́ mi, mo ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. ₦5,000, ₦10,000, ₦5,000, lẹ́yìn náà ₦120,000. Kápẹ́ńtà wo ni wọ́n máa san ₦120,000 owó ilẹ̀kùn fún lọ́dún yẹn, tí mi ò ní rí pákó kan nílẹ̀, tí mi ò ní gbọ́ ìró hámà? Ó ti ta agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ohun mìíràn tí mi ò mọ̀ dòní, fún àwọn tó ń ra òfì àtijọ́. Fìlà sì bá a lọ, torí odindi ni wọ́n máa ń rà á.

Mi ò bi í. Àwọn kan nínú yín á ní kí ló dé tí mi ò bi í. Ẹ̀yin ará mi, tí ọkùnrin bá fi nǹkan pamọ́ kí ojú má bàa tì yín, tí ẹ bá wá tú u síta lójú ẹ̀, ojú tirẹ̀ lẹ ti tì yẹn. Mo gbé e mì.

Àmọ́ láti ìgbà náà ni ojú mi ti là sí orí rẹ̀. Mo rí i pé kò dé fìlà lọ sóde mọ́. Yóò wọ bùbá àti ṣòkòtò áńkárá, yóò lọ ní orí lásán. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ooru ń mú òun. Ní òde kan báyìí, ní ìdílé tiwọn gan-an, ọmọkùnrin tó ń fi àlejò sí ìjókòó mú un lọ sí ẹ̀yìn, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu bíà. Kò mọ̀ pé àgbà ilé ni. Àwọn bàbá mìíràn dé fìlà, abetí ajá lọ́tùn-ún, gọ̀bì lósì, wọ́n jókòó síwájú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bàálé mi kò jà, kò bínú, ó jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mi ò lè jẹ iyán mi.

Ẹ ó ní ṣebí fìlà ni, kí n rà á. Mo ti rò ó. Tí mo bá rà á, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi mí ni iye tí mo rà á. Tí mo bá sọ, á ní owó yẹn ìbá ra bááfù ẹ̀wà mélòó kan. Bí ó ti rí nìyẹn. Fìlà tí mo bá fi owó rà, nínú owó tí òun ta agbádá rẹ̀ nítorí rẹ̀ ni. Lójú tèmi, kò bá a mu.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ owó, náírà tuntun kò sí, ti àtijọ́ kò ṣeé ná. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà kò rí owó mú dání, ẹni tó ní owó ní báǹkì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báǹkì. A jókòó lọ́jà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, a ń lé eṣinṣin. Bàálé mi yóò pé ọgọ́ta ọdún ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì tó wà nílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Mo wá rántí ìpèlé mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbé nípa òfì ni pé kì í ṣe odindi aṣọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá kàn án pọ̀. Ìpèlé mi, ojú mẹ́fà ni. Ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin àbọ̀, ó sì gùn ju yáàdì méjì lọ díẹ̀. Bí mo bá tú ojú kan kúrò létí, ìpèlé ṣì wà, ó kàn máa fi díẹ̀ tín-ín-rín ni. Síbẹ̀, mo gbé e lé orí itan fún ọjọ́ méjì kí n tó lè ti abẹ́rẹ́ bọ ojú òwú àkọ́kọ́. Ìyá mi ló fi lé mi léjìká. Ìyá mi sì ti kú.

Bàbá kan wà ní ìlà kejì sí ìsọ̀ mi tó ń rán fìlà. Mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Wọ́n ní, “Ìyá Ẹlẹ́wà, kí n rán an fún ọ, o ò ní san púpọ̀.” Mo ní rárá, ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi rán an. Wọ́n bi mí irú èyí tí mo fẹ́. Wọ́n ka oríṣi fún mi: gọ̀bì tí a máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, abetí ajá tó ní etí méjì tí a lè fà wá sílẹ̀ nígbà òtútù, làbàǹkádà tó tóbi ju abetí ajá lọ tí inú rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti èyí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo ní gọ̀bì. Gọ̀bì ló bá agbádá yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi ni pé òfì kì í fẹ́ ìkánjú. Tí ẹ bá ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ bí ẹ ti ń ti í bọ áńkárá, kí ẹ tó mọ̀, òwú ti ń tú lọ níwájú yín. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀gbẹ́ ìlà náà lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ wá gé àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú yí etí rẹ̀ ká. Ojú kan tí mo tú yẹn, mo gé e sí ọ̀nà mẹ́fà, ínǹṣì méjìlá méjìlá. Mẹ́ta máa di iwájú fìlà, mẹ́ta máa di ẹ̀yìn. Mo kan mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí wọ́n ti ń kan òfì, kí ìlà inú rẹ̀ lè dúró lóòró, mo sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Mo ní abala méjì báyìí. Mo fi pépà gé bí fìlà ṣe máa rí, ìsàlẹ̀ gún régé, òkè rẹ̀ rọra tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìgbá, mo fi lé e lórí, mo gé e. Irú kan náà ni mo gé nínú aṣọ funfun tó máa wà nínú.

Sísọ ni mò ń sọ ọ́ kíákíá báyìí o. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà ju ibi tí mo ti ṣe dáadáa lọ. Bí wọ́n ṣe ń wọn orí ni pé téèpù á yí orí ká, á gba òkè etí méjèèjì, á gba iwájú orí, ibi tí etí fìlà máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí bàálé mi mọ̀. Fìlà tó máa ń dé tó bá ń rẹ́ pákó ni mo jí wọ̀n. Ínǹṣì márùndínlọ́gbọ̀n. Mo ní áà, ọlọ́gbọ́n ni ọkọ mi. Mi ò rò ó pé fìlà yẹn ti gbó, ó ti fẹ̀, òjò àti òógùn ti fà á. Nígbà tí mo gán abala méjèèjì pọ̀, tí mo gbé e lọ fún bàbá aránfìlà, wọ́n dé e, ó bò wọ́n lójú. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ fún ni, ṣebí ọrùn ẹni náà la ní kí o wò. Ìwọ wo ọrùn aṣọ.”

Ó di dandan kí n wọn orí gan-an. Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí mo rí i pé oorun ti gbé e lọ, mo rọra ti téèpù sí abẹ́ orí rẹ̀. Mo ti fà á yí ká, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo nọ́ńbà, ló bá la ojú. “Kí lò ń wá lórí mi?” Mo ní ẹ̀fọn ni. Ó wò mí, ó wo tọ́ọ̀ṣì, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sùn. Ínǹṣì mẹ́tàlélógún. Ọlọ́run yọ mí pé títóbi ni tàkọ́kọ́ tóbi. Aṣọ tó tóbi ṣeé gbà wọlé, èyí tó kéré kò ṣeé fà.

Àṣìṣe kejì ni ti sìtéè, aṣọ líle tí àwọn télọ̀ máa ń fi sínú kọ́là. Mo ra èyí tó le jù, mo rò pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe níyì tó. Mo rán an mọ́ aṣọ inú, mo yí i padà, mo gbé e kalẹ̀, ó dúró gbọnrangandan bíi garawa. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ṣé fìlà ọlọ́pàá ni mò ń rán. Gọ̀bì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ nìkan ló nílò ohun tó le díẹ̀, bí ínǹṣì méjì, kí ó lè di orí mú. Èyí tó kù, kí ó rọ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀. Bí mo ti ń tú u ni oníbàárà kan dé tó fẹ́ ra kóńgò mẹ́rin, mo ní kí ó lọ bá ẹnìkejì mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nípa rírán rẹ̀ pọ̀, ẹ kojú abala méjèèjì sí ara wọn, kí ẹ̀yìn wà níta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gba òkè, ẹ sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn máa lọ síwájú lásán, torí bí òwú kan bá já, gbogbo ẹ̀ ló máa tú. Ẹ lọ síwájú ẹ̀ẹ̀kan, ẹ padà sẹ́yìn ìdajì, ẹ tún lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aṣọ inú. Ẹ ti inú bọ ẹ̀yìn, kí ibi rírán wọn kojú ara wọn, ẹ ká etí ìsàlẹ̀ méjèèjì wọlé, ẹ wá fi òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu rán an yí po, kékeré kékeré, kí ojú òwú má hàn. Òwú, aṣọ inú àti sìtéè méjèèjì, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó dára, gbogbo ẹ̀ kò ju ₦1,500 lọ nígbà náà. Abẹ́rẹ́ gún mi níka kò níye. Ẹ wá nǹkan bọ orí ìka àárín o, mi ò tètè mọ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta bọ́ sí Sátidé, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdìbò gómìnà. A kò ṣe ayẹyẹ. Mo se ìrẹsì, mo pa adìyẹ kan, àwọn ọmọ pè lórí fóònù. Nígbà tó jẹun tán, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un nínú ọ̀rá dúdú tí mo fi ń di ẹ̀wà. Mi ò rí nǹkan mìíràn dì í.

Ó yọ ọ́. Kò dé e. Ẹ mọ kápẹ́ńtà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi rírán lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń wo oríkèé àga. Ó ní, “Ta ló rán an?” Mo ní èmi ni. Ó wo ìka mi. Ó wá yí i padà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó dákẹ́. Mo rí i nígbà tó mọ aṣọ náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ?”

Mo ní, “Káàdì ẹgbẹ́ ló sọ fún mi. Láti 2019 ni mo ti mọ̀.”

Ó ní, “O ò sì sọ nǹkan kan.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ò sọ.”

Ó dé e. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó lọ síwájú dígí, ó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju òsì lọ, mo ti rí i, mo ń gbàdúrà kí òun má rí i. Ó rí i. Ó ní, “Ìyá yìí, o ò lo rúlà.” Ó wá fi kún un pé, “Ẹ̀fọn tó ń lo téèpù. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sọ bí ó ṣe ta agbádá náà fún mi, bí ó ṣe rìn títí, bí ẹni tó rà á ṣe yọ owó sí i, bí ó ṣe fẹ́ yọ fìlà sílẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò ní rà á láìsí fìlà. Ọdún márùn-ún ó lé ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn rẹ̀. Títí di aago mọ́kànlá alẹ́ la ń sọ̀rọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń sọ pé òun ò ní òfì, òun ò sì mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ òfì. Áńkárá tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá tó fìlà kan, àdìrẹ náà sì dára, ó tilẹ̀ rọrùn láti gé jù. Tí ọkọ yín kì í bá dé fìlà, ẹ má fi dandan rán an fún un, yóò kàn kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin opó wa, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn yín. Ọ̀kan nínú yín, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló wá bá mi lọ́dún tó kọjá pé kí n kọ́ òun. Mo rò pé ti ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rán. Ó ní rárá, ti àna òun ọkùnrin ni, ẹni tó ń gbé òun lọ sí ọsibítù láti ìgbà tí bàbá ti kú. Tirẹ̀ gún régé ju tèmi lọ.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ìgbìmọ̀. Ọdọọdún ni a ń pín ẹ̀bùn fún ọmọ ẹgbẹ́: táwẹ́ẹ̀lì, abọ́, agboòrùn. Ìwé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń kó o sínú fáìlì. Orúkọ àwọn ọkọ tó fọwọ́ sí i pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn kan nínú wọn san gbèsè tí ẹ̀yin ò mọ̀ pé wọ́n san, torí wọ́n ní kí n má sọ. Mi ò ní sọ. Mo kàn ní kí ìgbìmọ̀ ronú sí tiwọn náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàálé mi jókòó sí ìlà kejì níwájú lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà ti ń wo orí rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni. Ìpèlé tó wà léjìká mi yìí, ojú márùn-ún ló kù lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pépà tí mo fi gé fìlà, kí ó wá sí ìsọ̀ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó tó di aago mẹ́rin. Kí ó mú téèpù dání, kí ó sì ti wọn orí náà kí ó tó wá.

  Àwọn tó ń pín oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.